Ọmọ Ilé Wa Tó Lọ Sógun Tí Kò Padà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ìdílé Okun Tó Ń Wá Ipasẹ̀ Rẹ̀

Okun o, ẹ̀yin ará ilé.

Ní agbo ilé wa ní Ìjùmú, ní ilẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogí, orúkọ kan wà tí ìyá bàbá mi kì í pè lásán. Bó bá fẹ́ pè é, á kọ́kọ́ dákẹ́ díẹ̀. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni. Ó wọṣẹ́ sọ́jà nígbà ogun Hítílà, kò sì wálé mọ́. "Bọ́mà ló kú sí" ni gbogbo ìtàn tí wọ́n fi lé wa lọ́wọ́. Ọdún méje ni mo fi wá a kiri kí n tó rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn tó kú, wọ́n sì ti ṣì í kọ. Láti ìgbà náà ni àwọn ará Kàbà, Bùnú, Yàgbà àti Ọ̀wọ̀rọ̀ ti ń bi mí pé báwo ni mo ṣe ṣe é. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù lọ nìyí, àti ohun tí mo lè dáhùn sí wọn.

A kàn mọ̀ pé ogun ló pa á. A ò mọ ogun wo. Ṣé ọ̀nà ṣì wà?

Ọ̀nà wà. Ogun tí ọmọ Okun lè bá lọ láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé díẹ̀ kò pọ̀ ju ohun tí a lè fi ìka kà. Ogun àgbáyé àkọ́kọ́ wà, 1914 sí 1918. Ti Hítílà wà, 1939 sí 1945. Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Keje 1967, ó parí ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní 1970. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ní Làìbéríà láti 1990 àti ní Sierra Leone, kí a tó wá kan èyí tó ń jà ní apá Bọ̀nọ́ láti 2009.

Ẹ má bi àgbà ní ọdún. Orúkọ ìlú ni kí ẹ bi í, torí etí àgbà a máa di orúkọ ìlú mú ju ọdún lọ. Bí màmá bá ní Kamẹrúùnù, ogun àkọ́kọ́ ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti jà láti 1914 sí 1916, kí wọ́n tó kó àwọn ọmọ Nàìjíríà wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Dar es Salaam ní ìparí 1916. Bó bá ní Abìsíníà tàbí Mogadíṣù, ọdún 1940 sí 1941 nìyẹn. Bọ́mà tàbí Íńdíà ni ti 1943 sí 1945. Nsukka, Ọnìṣà, Òwẹ́rì, Pọtakọ́tì: ogun abẹ́lé. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ "ogun Jámánì" nìkan ló sọ, ẹ ṣọ́ra, nítorí Jámánì ni wọ́n bá jà nígbà méjèèjì.

Ohun kejì tí mo máa ń bi wọ́n ni pé ta ló tẹ̀lé e. Ṣé wọ́n ti bí bàbá mi nígbà tó ń lọ? Ṣé ó ti fẹ́ ìyàwó? Ta ni wọ́n ṣì ń pọ̀n nígbà náà? Nílé wa, ọ̀kan nínú àwọn àbúrò bàbá mi obìnrin sọ pé òun ṣì wà lẹ́yìn ìyá òun lọ́jọ́ tí ọkọ̀ wá kó wọn. Ìwé ìrìbọmi rẹ̀ wà nínú àpótí. Bí ọdún ṣe jáde nìyẹn.

Ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá nínú ẹbí?

Àwọn obìnrin. Mo mọ̀ pé olórí ẹbí ni gbogbo ènìyàn ń sáré lọ bá, kò sì burú, ẹ gbọdọ̀ kí i kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ní ibi gbogbo tí mo dé, ọkùnrin ló máa ń sọ ìtàn ilẹ̀ àti oyè fún mi, obìnrin ló máa ń sọ ti ẹni tó kú. Àwọn ló sunkún rẹ̀. Àwọn ló mọ oríkì tí ìyá rẹ̀ fi ń jí i. Ẹ má sì gbàgbé àwọn ọmọ ilé tí wọ́n ti lọ sílé ọkọ ní ìlú mìíràn. Èyí tó lọ sílé ọkọ ní Mọ́pà tàbí Ìsánlú lè rántí ohun tí àwọn tó wà nílé ti gbàgbé, nítorí ìtàn ilé bàbá rẹ̀ nìkan ló gbé dání lọ.

Àárọ̀ ni kí ẹ lọ, kí ara wọn ṣì fúyẹ́. Ẹ bèèrè kí ẹ tó tan fóònù láti gba ohùn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ ní èdè ilé. Bí ẹ bá ń fi Yorùbá ilé ìwé bi wọ́n léèrè, Yorùbá ilé ìwé náà ni wọ́n á fi dá yín lóhùn, ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá á sì bọ́ sílẹ̀ láàárín méjèèjì. Ẹ má tún ọ̀rọ̀ wọn ṣe, kódà bí ẹ bá mọ̀ pé wọ́n ṣì í sọ. Ẹ tún padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ìbẹ̀wò kejì ni ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ máa ń jáde.

Ìbéèrè kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé: àwọn wo ni wọ́n jọ lọ? Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kì í sábà dá lọ. Ẹgbẹ́ ni wọ́n máa ń kó lọ, láti abúlé kan náà tàbí abúlé tó wà nítòsí. Bí ẹnì kan nínú wọn bá padà wálé, ó ṣeé ṣe kí ìwé tí wọ́n fi yọ̀ǹda rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Bàtálíọ̀nù rẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n fi í sí, á wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ náà á sì wà. Bí wọ́n bá wọṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, nọ́ńbà ẹni tiyín lè má jìnnà sí tirẹ̀. Ilé ẹni tó padà wálé ni mo ti rí ohun tí mo ń wá nípa ẹni tí kò padà.

A tẹ orúkọ rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, a ò rí nǹkan kan. Ṣé wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀ ni?

Èyí ni ìbéèrè tó ń dùn mí jù, nítorí ọ̀pọ̀ ìdílé ibí yìí ni wọ́n ti jáwọ́.

Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kọ́ ni wọ́n kọ. Ẹ fojú inú wò ó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Bùnú dúró níwájú tábìlì. Akọ̀wé tó jókòó kò gbọ́ èdè rẹ̀. Èdè Haúsá ni wọ́n fi ń pàṣẹ nínú iṣẹ́ sọ́jà nígbà náà, etí Haúsá sì ni wọ́n fi ń gbọ́ orúkọ. Akọ̀wé gbọ́ orúkọ kan, ó kọ ohun tó rò pé òun gbọ́. Lẹ́yìn náà ó bi í pé ìlú wo lo ti wá. Orúkọ ìlú náà ló fi ṣe orúkọ ìdílé fún un. Ẹni tí a sọ ní Ọlọ́runtóbi lè di Tobi Kabba. Ẹni tó ń jẹ́ Abíọ́dún lè di Audu Lokoja, bó bá jẹ́ pé Lọ́kọ́jà ló ti wọṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lò ju ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀ lọ. Nínú ìwé àwọn tó kú, irú "orúkọ ìdílé" bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ jàra: Kano, Zaria, Bida, Ilorin, Kabba. Ìlú ni gbogbo wọn.

Nítorí náà, ẹ fi orúkọ ìdílé yín sílẹ̀ ná. Ẹ tẹ Kabba. Ẹ tẹ Bunu, Yagba, Isanlu, Egbe, Mopa, Lokoja. Ẹ tẹ orúkọ abúlé yín bí Haúsá á ṣe pè é. Wọn kò ní "gb" bíi tiwa, torí náà ó lè di "b" tàbí "gw". Ẹ̀gbẹ̀ lè di Ebe. Ṣ lè di "sh" tàbí "s". Ẹ gé orúkọ náà sí méjì: Olú lásán, Bọ̀dé lásán, Adé lásán. Bí ẹni yín bá jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ wá Momo, Audu, Sule, Lawani, ní oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kọ ọ́.

Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yí orúkọ padà. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò fẹ́ kó lọ, tó sá lọ fúnra rẹ̀, kò ní fi orúkọ bàbá sílẹ̀ kí wọ́n má baà wá a kàn. Ẹ bi wọ́n nílé bóyá ó sá lọ ni.

Tiwa nìyẹn. Orúkọ tí mo fi ọdún mẹ́rin wá kò sí níbẹ̀ rárá. Orúkọ ìnagijẹ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, pẹ̀lú Kabba lẹ́yìn rẹ̀, ló wà níbẹ̀. Àbúrò bàbá mi obìnrin yẹn ló rántí ìnagijẹ náà, lọ́jọ́ tí mo lọ kí i lẹ́ẹ̀kẹta.

Ibo ni ìwé orúkọ náà wà?

Lọ́dọ̀ Commonwealth War Graves Commission, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní CWGC. Ọdún 1917 ni wọ́n dá a sílẹ̀; òun ló ń tọ́jú sàréè àti orúkọ àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ nínú ogun àgbáyé méjèèjì. Ìkànnì wọn ṣí sílẹ̀, ẹ kò ní san kọ́bọ̀. Ẹ yan Nigeria Regiment, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà lábẹ́ òyìnbó, kí ẹ sì kọ ọdún ogun náà, kí orúkọ má baà pọ̀ jù fún yín. Àyè kan wà tí wọ́n fi ń wá ọ̀rọ̀ nínú àlàyé àfikún. Ẹ tẹ Kabba síbẹ̀ náà, nítorí nígbà mìíràn wọ́n á kọ "ọmọ lágbájá, láti ìlú báyìí" síbẹ̀.

Fún ogun Hítílà, nọ́ńbà àwọn ọmọ Nàìjíríà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NA. Bí ẹ bá rí GC, ará Gold Coast ni, ìyẹn Gánà.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó kú sí Bọ́mà kò ní sàréè tí a mọ̀. Orúkọ wọn wà lára Rangoon Memorial, òpó òkúta gíga tó wà nínú ibi ìsìnkú Taukkyan, lẹ́yìn odi ìlú Yangon ní Myanmar. Orúkọ tó wà lára rẹ̀ tó nǹkan bíi 27,000. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sì ní sàréè ní Taukkyan níbẹ̀, àti ní Chittagong àti Mainamati, tó ti di ara Bangladesh báyìí.

A rí i. Wọ́n kọ "7th Bn., Nigeria Regiment" sí iwájú orúkọ rẹ̀. Kí ni ìyẹn ń sọ fún wa?

Ó ń sọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọjá. Nọ́ńbà bàtálíọ̀nù ni kọ́kọ́rọ́.

Bàtálíọ̀nù 6, 7 àti 12 ni wọ́n kó pọ̀ di bírígéèdì kẹta ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ní 1944, wọ́n fi wọ́n kún àwọn tí wọ́n ń pè ní Chindit, tí wọ́n wọ inú igbó Bọ́mà lọ sẹ́yìn àwọn ará Japan. Bàtálíọ̀nù 4 wà nínú Dífíṣọ̀n 81, ẹgbẹ́ ńlá tó kó ọ̀pọ̀ bàtálíọ̀nù pọ̀, tó gba àfonífojì odò Kaladan lọ. Ọkọ̀ òfuurufú ló ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn, wọ́n sì fi ọwọ́ la ọ̀nà tó lé ní máìlì 70 láàárín òkè kí wọ́n tó débẹ̀. Orí ni wọ́n fi ru ẹrù. Bàtálíọ̀nù 1, 2 àti 3 ti kọ́kọ́ ja ogun Abìsíníà: wọ́n wọ Mogadíṣù ní oṣù Kejì 1941, wọ́n sì wọ Harar ní oṣù Kẹta ọdún náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún lọ sí Bọ́mà pẹ̀lú Dífíṣọ̀n 82, tí bàtálíọ̀nù 5, 9 àti 10 náà wà nínú rẹ̀. Dífíṣọ̀n méjèèjì ló lọ́wọ́ nínú gbígba ìlú Myohaung ní oṣù Kìn-ín-ní 1945.

Bí ọjọ́ ikú rẹ̀ bá wà, ẹ fi wé bàtálíọ̀nù rẹ̀, ẹ ó sì mọ ibi tó wà lọ́jọ́ náà. Bàtálíọ̀nù kọ̀ọ̀kan ní ìwé tí ọ̀gá wọn ń kọ lójoojúmọ́. Àwọn ìwé náà wà ní The National Archives ní Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù, lábẹ́ nọ́ńbà fáìlì WO 172 àti WO 173. Ti ogun àkọ́kọ́ wà lábẹ́ WO 95. Bí ẹ bá ní ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ rán an níṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń jẹ́ kí ènìyàn jókòó kà á níbẹ̀, ó sì lè fi fóònù ya àwòrán rẹ̀. Kí ẹ má baà retí ohun tí kò sí: orúkọ òyìnbó ọ̀gá ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ti sọ́jà dúdú ṣọ̀wọ́n. Wọ́n á kàn kọ pé "ọmọ Áfíríkà méjì kú" sí ọjọ́ kan báyìí. Nígbà tí mo ka irú ìlà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ tí tiwa kú, mo pa ìwé náà dé, mo jáde síta.

Tiwa lọ sí ogun àkọ́kọ́, aláàárù ni wọ́n fi ṣe. Kí ni ká ṣe?

Ó ṣòro ju ti àwọn yòókù lọ, ẹ̀bi yín sì kọ́. Ní ogun yẹn, lẹ́yìn sọ́jà tó gbé ìbọn, ọ̀pọ̀ aláàárù ló wà tó ń ru ọta àti oúnjẹ. Àìsàn àti ebi ló pa púpọ̀ nínú wọn. Nígbà tí ogun parí, àwọn òyìnbó ní orúkọ lórí òkúta, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Fún àwọn ọmọ Áfíríkà, ère ni wọ́n mọ sí Nairobi, Mombasa àti Dar es Salaam ní ìparí àwọn ọdún 1920, láìsí orúkọ. Ní oṣù Kẹrin 2021, CWGC fúnra wọn gbé ìwádìí jáde tí wọ́n fi jẹ́wọ́ pé, ó kéré tán, 116,000 ènìyàn, tó sì lè tó 350,000, ni wọn kò kọ orúkọ wọn sí ibì kankan tàbí tí wọn kò tilẹ̀ rántí rárá. Àwọn ọmọ Ìlà Oòrùn Áfíríkà àti àwọn ará Íjíbítì ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n tọrọ àforíjì.

Bí ẹni yín bá jẹ́ sọ́jà, ẹ wò ó bóyá ó kú ní àárín oṣù Kẹwàá 1917. Ìgbà náà ni ìjà Mahiwa ṣẹlẹ̀, ní ilẹ̀ tó di Tanzania báyìí, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti kú. Ẹ dé Lọ́kọ́jà náà. Ibẹ̀ ni àwọn sọ́jà òyìnbó fìdí kalẹ̀ sí láti ìgbà Lugard, òpó ìrántí àwọn ọmọ ogun wà níbẹ̀ títí di òní. Ẹ lọ ka àwọn orúkọ tó wà lára rẹ̀ fúnra yín, kí ẹ sì ya àwòrán wọn. Bí kò bá sí orúkọ níbì kankan, ohun tí ẹbí bá sọ ni ìwé yín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń sọ pé kí a lọ sí Kàdúná? Ṣé Kogí kọ́ la wà?

Kogí la wà láti 1991. Ṣáájú ìyẹn, Kwárà ni wá, láti 1967. Ṣáájú 1967, Àríwá ni wá, Kabba Province, tí Lọ́kọ́jà jẹ́ olú ìlú rẹ̀. Ìwé máa ń tẹ̀lé ìjọba tó kọ ọ́. Nítorí náà ni fáìlì àwọn baba wa fi wà ní National Archives ní Kàdúná, kì í ṣe ní Ìbàdàn tí àwọn Yorùbá tó kù ń lọ. Ẹ béèrè fún àwọn fáìlì tí wọ́n ń pè ní Lokoprof, ìyẹn fáìlì ọ́fíìsì Kabba Province ní Lọ́kọ́jà.

Ẹ má retí pé ẹ ó rí fáìlì tí orúkọ bàbá yín wà lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́tà láàárín ọ̀gá kan àti èkejì ló wà níbẹ̀: iye ọ̀dọ́ tí wọ́n ní kí ọba kọ̀ọ̀kan mú wá, ẹjọ́ owó tí sọ́jà ń fi ránṣẹ́ sílé, ọ̀rọ̀ àwọn tó padà. Ẹ mú orúkọ abúlé yín lọ, ní gbogbo ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kọ ọ́. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání àti pẹ́ńsùlù, kí ẹ sì ya ọjọ́ mẹ́ta sọ́tọ̀, torí ọjọ́ kan kò tó.

Ogun abẹ́lé ló pa ẹ̀gbọ́n bàbá mi. CWGC kò ní i.

Wọn kò lè ní i. Ogun àgbáyé méjèèjì nìkan ni tiwọn.

Ti ogun abẹ́lé, ẹ̀bá ilé wa ni ìwé wà. Lọ́kọ́jà ni Command Army Records wà, níbi tí iṣẹ́ sọ́jà Nàìjíríà ń kó àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ará Kàbà ni wọ́n ń kọjá níwájú bárékè Chari Maigumeri lójoojúmọ́ láìmọ ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́. Ọmọ ogun ni Maigumeri. Ó jà fún Jámánì ní Kamẹrúùnù nínú ogun àkọ́kọ́, Jámánì fún un ní àmì ẹ̀yẹ Iron Cross; ó wá bọ́ sọ́dọ̀ òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, àwọn náà fún un ní àmì ẹ̀yẹ Military Medal nínú ogun kejì. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ló wà lẹ́yìn orúkọ kan ṣoṣo, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń wá orúkọ.

Ẹ kọ lẹ́tà síbẹ̀. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà, ọdún tó wọṣẹ́, ibi tó ti wọṣẹ́, orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀, orúkọ ìyàwó rẹ̀. Bí nọ́ńbà bá wà, òun ni kó kọ́kọ́ wà nínú lẹ́tà. Ẹ so ìwé ìbúra láti ilé ẹjọ́ mọ́ ọn pé mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni yín. Kí ẹ sì ní sùúrù. Iṣẹ́ sọ́jà fò láti bíi 10,000 ènìyàn dé nǹkan bíi 250,000 láàárín ogun yẹn, ìkánjú ni wọ́n sì fi gba àwọn mìíràn wọlé. Ẹlòmíràn lò oṣù méjì péré kó tó dé ojú ìjà.

Nígbà tí ẹ bá ń dúró de èsì, ẹ lọ bá àwọn tó jà tó sì ṣì wà láàyè. Ẹgbẹ́ àwọn sọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì máa ń mọ ilé wọn. Ẹ bi wọ́n bóyá ó wà ní Dífíṣọ̀n 1 tó gba Nsukka wọlé, tàbí Dífíṣọ̀n 2 tí wọ́n ba dè ní Abágana ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 1968, tàbí Commando Kẹta tó gba etí òkun wọlé. Ẹ rọra bi wọ́n. Bí bàbá bá dákẹ́, ẹ jẹ́ kó dákẹ́. Àwọn kan nínú wọn kò tíì sọ ohun tí wọ́n rí fún ìyàwó wọn títí di òní.

Ó ní ìyàwó, ìyàwó sì bímọ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọmọ ta la máa kọ?

Ibí yìí ni ìwé ìdílé púpọ̀ ti ń dojú rú. Nígbà tí ìròyìn ikú bá dé, àbúrò olóògbé lè ṣú opó rẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n bá bí á máa jẹ́ orúkọ kan náà, inú ilé kan náà ni wọ́n ti dàgbà, àwọn mìíràn kò sì mọ̀ títí wọ́n fi darúgbó pé sọ́jà ni ọkọ ìyá àwọn àkọ́kọ́. Bí ìròyìn kò bá sì dé rárá, opó lè dúró ọdún mẹ́wàá kí ẹnikẹ́ni tó dá a láre láti bá ẹlòmíràn lọ.

Ẹ kọ méjèèjì. Ẹ kọ ọkọ àkọ́kọ́, ẹ kọ ẹni tó ṣú u lópó, kí ẹ fi àmì sí ọmọ tó jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi han gbogbo ẹbí, ẹ lọ bá àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ní ìkọ̀kọ̀. Mo ti rí ibi tí àgbàlagbà ọkùnrin ti gbọ́ nínú ìpàdé ẹbí, níwájú àwọn ọmọ rẹ̀, pé ẹni tó ń pè ní bàbá kọ́ ni bàbá rẹ̀. Kò yẹ kó gbọ́ ọ báyẹn.

A rí irin kan nínú àpótí. Kí ni?

Bó bá ní igun mẹ́fà, tí aṣọ rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù, pupa àti ọsàn, Burma Star ni. Ó ti dé Bọ́mà nìyẹn. Africa Star jẹ́ ti àwọn tó jà ní Áfíríkà, títí kan Abìsíníà. Báàjì igi ọ̀pẹ jẹ́ ti Royal West African Frontier Force, ìyẹn àpapọ̀ ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lábẹ́ òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì. Aláǹtakùn dúdú ni àmì Dífíṣọ̀n 81. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ẹ má sì tà á. Ẹ yí eteetí rẹ̀ wò dáadáa: bí nọ́ńbà bá wà lára irin náà, ẹ ti rí ohun tó níye lórí ju irin lọ.

Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí lè ràn wá lọ́wọ́?

Ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn SIM, ìyẹn ìjọ míṣọ́nnárì Sudan Interior Mission, dé Ẹ̀gbẹ̀ pẹ̀lú míṣọ́nnárì Titcombe ní 1908, Àǹgílíkà àti Kátólíìkì náà ní ìwé ìrìbọmi àti ti ìgbéyàwó. Ẹ wá ọjọ́ orí àwọn àbúrò rẹ̀ níbẹ̀. Ní mọ́ṣáláṣí, àwọn àgbà ni kí ẹ bi, nítorí àkọsílẹ̀ kò pọ̀.

Ṣé a lè gbé e wálé?

Láti ogun àkọ́kọ́ ni wọ́n ti fi ṣe òfin pé ibi tí sọ́jà kú sí ni wọn yóò ti sin ín. CWGC kì í jẹ́ kí wọ́n hú u. Ẹ̀yin lè lọ, tàbí kí ẹ bẹ ẹni tó ń lọ kó ya àwòrán orúkọ rẹ̀ wá.

Nílé wa, kò sí òkú tí a lè sin. Nígbà tí ìdánilójú dé, olórí ẹbí pe gbogbo wa jọ. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀, èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, wọ́n sì ki oríkì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá bàbá mi ti ṣaláìsí nígbà náà. A gbé àga rẹ̀ síbẹ̀.

Ẹnì kan ní òun lè bá wa gba owó ìdílé rẹ̀, kí a kọ́kọ́ san díẹ̀.

Ẹ má san kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ sọ́jà Nàìjíríà tó kú jẹ́ ti Military Pensions Board ní Àbújá àti ti àwọn tí olóògbé kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ẹ lọ bá wọn fúnra yín. Fún ogun Hítílà, mo mọ̀ pé ẹni tó bá ń ṣèlérí owó fún ọmọ-ọmọ, owó tiyín ló ń wá.

Àwọn kan nínú ẹbí ní kí a má tú ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Ẹ bi wọ́n ní ìdí. Nígbà mìíràn ilẹ̀ ni: wọ́n ń bẹ̀rù pé ìran kan á jáde tó máa béèrè fún ìpín. Nígbà mìíràn ẹ̀bi ni: bàbá ló fi ọmọ náà sílẹ̀ nígbà tí ọba ní kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ẹnì kan wá, wọ́n sì yan èyí tí ìyá rẹ̀ kò lágbára. Mo ti gbọ́ èyí nílé méjì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ kò wá ilẹ̀, kí ẹ sì fi hàn bẹ́ẹ̀ nínú ìwà.

Wọ́n ṣi orúkọ rẹ̀ kọ lọ́dọ̀ CWGC. Ṣé wọ́n lè tún un ṣe?

Wọ́n lè tún un ṣe bí ẹ̀rí bá wà. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn lórí ìkànnì wọn, ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ àti ọjọ́ ikú rẹ̀ síbẹ̀ bó ṣe wà nínú ìwé tiwọn, lẹ́yìn náà orúkọ tó tọ́ àti ẹ̀rí tí ẹ ní: ìwé ìrìbọmi àbúrò rẹ̀, ìwé ìbúra àgbà ẹbí, ìwé ẹgbẹ́ rẹ̀ tó padà wálé. Ẹ kọ orúkọ náà pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé, kí ẹ sì kọ ọ́ láìsí àmì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tiwa ti lọ lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Àbúrò bàbá mi obìnrin ló tẹ ìka sí ìwé ìbúra náà, ó sì ní kí akọ̀wé ilé ẹjọ́ ka orúkọ àbúrò bàbá òun sókè lẹ́ẹ̀mejì kí òun tó tẹ̀ ẹ́.